Ìmọ́lẹ̀ Ló Ń Pe Ebi: Àgbéyẹ̀wò Iná àti Ajílẹ̀ fún Àpótí Ẹja Elewéko

Ẹni tó bá dàgbà sí etí odò nílẹ̀ Yorùbá mọ ojú oró, ó sì mọ òṣíbàtà. Àwọn àgbà máa ń fi ewéko méjèèjì wúre pé kí ọmọ àwọn lékè, nítorí pé omi kì í bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú oró tún mọ iṣẹ́ mìíràn tí a kì í sábà bẹ̀ ẹ́ ṣe. Ewé rẹ̀ máa ń sọ bí inú omi ṣe rí. Níbi tí oúnjẹ bá wà nínú omi, ewé rẹ̀ á fẹ̀, á sì dúdú minimini. Níbi tí ebi bá wà, ewé á kéré, á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, gbòǹgbò á wá gùn gbọọrọ bí irùngbọ̀n àgbà, á máa wá ohun tí yóò jẹ kiri nísàlẹ̀.

Àwọn kan tó ń sin ẹja nínú àpótí gíláàsì ti ń fi irú ewéko tó ń léfòó báyìí mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n bu ajílẹ̀ sómi. Ó yẹ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́ ọ, nítorí pé àpótí ẹja elewéko máa ń wu ojú rí, ó sì máa ń já olówó rẹ̀ kulẹ̀. Onítọ̀hún á ra àpótí, á ra iná tó mọ́lẹ̀ jù lọ ní ṣọ́ọ̀bù, á gbin ewéko, á da ẹja sí i. Nígbà tí yóò fi tó oṣù méjì, nǹkan yíyọ̀ aláwọ̀ ewé, irú èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ inú àmù tí a kò fọ̀, á ti bo gíláàsì, òkúta àti ewé. Álígì ni wọ́n ń pè é. Á máa fọ àpótí lójoojúmọ́ títí yóò fi sú u, tí yóò sì gbé e fún aládùúgbò.

Irú iná wo, irú oúnjẹ wo, ló yẹ àpótí ẹni tí kò ní àsìkò púpọ̀, tó kàn fẹ́ kí ewéko máa hù, kí ẹja máa wẹ̀, kí òun sì máa wò ó? Ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún tí àwọn olùtọ́jú ẹja ti ń dáhùn ìbéèrè yìí lóríṣiríṣi ọ̀nà, àríyànjiyàn wọn sì le nígbà mìíràn. Bí a bá kó ìdáhùn wọn jọ, ibi kan náà ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ forí sọ: iná ni kí á kọ́kọ́ dín kù, kí á tó bi ewéko léèrè ohun tí yóò jẹ.

Ẹja méjì, ewéko kan, ìgbín díẹ̀

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1849, onímọ̀ kẹ́místrì kan tó ń jẹ́ Robert Warington fi ẹja aláwọ̀ wúrà méjì sínú ohun èlò gíláàsì kan tó gba omi bíi gálọ́ọ̀nù 12. Ó da yanrìn àti ẹrẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ó sì gbin Vallisneria, ewéko tí ewé rẹ̀ gùn bí okùn ọ̀já, sí i. Èrò rẹ̀ ni pé ẹja yóò máa mí gáàsì kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáídì síta, ewéko yóò gbà á, yóò sì dá ọ́síjìn padà fún ẹja. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí, àfi pé àwọn ewé tó kú bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, omi ń dàrú. Warington bá kó ìgbín omi sí i. Ìgbín jẹ ewé jíjẹrà, omi tún mọ́ kedere. Ní 1850 ó gbé àbájáde iṣẹ́ náà síwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kẹ́místrì ìlú náà.

Kò sí iná mànàmáná lórí ohun èlò Warington, kò sì sí ẹni tó ń ta ajílẹ̀ inú ìgò fún un. Ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́, ẹrẹ̀, ìgbẹ́ ẹja àti ìgbẹ́ ìgbín ni gbogbo rẹ̀. Àpótí tí kò gba wàhálà ló ṣáájú, iná alágbára ló dé lẹ́yìn.

Ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ nínú àwọn tó gba ọ̀nà kejì ni Takashi Amano, ọmọ ilẹ̀ Japan tí wọ́n bí ní 1954. Ó fi kẹ̀kẹ́ sáré ìdíje kó tó di ayàwòrán àti olùtọ́jú ẹja, ó sì dá ilé-iṣẹ́ ADA sílẹ̀ ní Niigata ní 1982. Inú gíláàsì ni ó ti ń kọ́ òkè, igbó àti pápá. Iṣẹ́ ńlá tó ṣe kẹ́yìn wà ní ilé ìṣàfihàn ẹ̀dá omi ní Lisbon, lórílẹ̀-èdè Potogí. Wọ́n ṣí i ní 2015, ọdún náà gan-an tí ó kú: àpótí tó gùn ní mítà 40, tó gba 160,000 lítà omi. Ẹni tó bá rí àwòrán iṣẹ́ Amano kò ní lè gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n iná líle, gáàsì kábọ́ọ̀nù láti inú sílíńdà, ajílẹ̀ lójoojúmọ́ àti àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ olùtọ́jú ló gbé ẹwà yẹn dúró. Ìṣòro ọ̀pọ̀ olùbẹ̀rẹ̀ ni pé wọ́n ra iná Amano, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀.

Òjìji igbó

Ní 1857, ọkọ̀ ojú omi arìnrìn-àjò William Balfour Baikie gbéra lọ sórí odò Ọya. Onímọ̀ ewéko tó bá wọn lọ ni Charles Barter, ẹni tó kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ewéko ilẹ̀ wa jọ kó tó kú sí Rabba, létí odò náà, ní 1859. Ní ọdún kejì, Schott, onímọ̀ ewéko ọmọ ilẹ̀ Ọ́stríà tó ń gbé ní Vienna, fi orúkọ Barter sọ ewéko kan: Anubias barteri.

Ewéko yìí ló yẹ kó jẹ́ olùkọ́ ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí iná díẹ̀ lè ṣe. Ewé rẹ̀ le bí awọ. Ìdí rẹ̀ nà gbalaja bí ata-ilẹ̀, ó sì máa ń di òkúta àti gbòǹgbò igi mú létí àwọn odò kéékèèké inú igbó, láti Nàìjíríà dé Kamẹrúùnù. Lónìí ó wà lára àwọn ewéko tí ṣọ́ọ̀bù ẹja ń tà jù káàkiri àgbáyé. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gbìn ín ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà kò mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ odò wa ló ti wá.

Àwọn onímọ̀ ní òṣùwọ̀n kan fún ìmọ́lẹ̀ tó wúlò fún ewéko. Wọ́n máa ń ka hóró ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú àti lóòró láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. PAR ni wọ́n ń pè é, máíkírómólù sì ni wọ́n fi ń kà á. Oòrùn ọ̀sán gangan, níbi tí kò ti sí ìkùukùu, máa ń tó nǹkan bí 2,000. Nínú igbó kìjikìji, nǹkan bí ìdá kan sí méjì nínú ọgọ́rùn-ún oòrùn yẹn ló ń dé ilẹ̀, èyí tó jẹ́ 20 sí 40. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ wọn iná àpótí ti rí i pé 20 sí 40 gan-an ló yẹ kó dé ìsàlẹ̀ àpótí tí a kò fẹ́ kó gba wàhálà. Iná tí ojú ẹni kà sí aláìlágbára ni Anubias mọ̀ ní ilé bàbá rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló lè ra ẹ̀rọ tí ń wọn PAR, nítorí ó wọ́n. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń lo òfin tó rọrùn. Ní ayé gílóòbù gígùn onífúlọ́rẹ́sẹ́ǹtì, wáàtì mélòó sí gálọ́ọ̀nù kan ni wọ́n ń kà. Iná LED ti ba òfin yẹn jẹ́, nítorí pé wáàtì rẹ̀ kéré, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì pọ̀. Èyí tí wọ́n ń lò báyìí ni lúmẹ́ẹ̀nì, tí wọ́n máa ń kọ sára páálí iná: 10 sí 20 lúmẹ́ẹ̀nì fún lítà omi kan ni iná díẹ̀, 20 sí 40, ó wà láàárín, ohun tó bá ti kọjá 40, iná líle ni. Òfin yìí kò pé pérépéré, nítorí ojú ènìyàn ni wọ́n fi ṣe lúmẹ́ẹ̀nì, kì í ṣe ewé. Jíjìn omi náà sì ń kó ti ẹ̀ wọ̀ ọ́, nítorí pé bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ló ń dín kù, pupa ló sì ń kọ́kọ́ pòórá. Síbẹ̀ ó sàn ju kí á fi ojú lásán wọ̀n ọ́n lọ.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ iná kò le tó bí àwọn ọlọ́jà ṣe ń sọ ọ́. Iná funfun tó sún mọ́ àwọ̀ ojúmọ́, èyí tí wọ́n ń kọ 6,500K sí lára, tó. Pupa àti búlúù tí wọ́n ń fi kún un máa ń jẹ́ kí ara ẹja tàn, ṣùgbọ́n ewéko kò ní kú bí wọn kò bá sí níbẹ̀.

Wákàtí tí iná fi ń tàn ṣe pàtàkì ju àwọ̀ rẹ̀ lọ. Wákàtí mẹ́fà lóòjọ́ tó fún oṣù àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, mẹ́jọ. Iná tó bá ń kọjá wákàtí mẹ́wàá, álígì ni yóò jàǹfààní rẹ̀. Aago kékeré tó ń tan iná, tó ń paná fúnra rẹ̀, wúlò ju ìgò ajílẹ̀ mẹ́ta lọ, nítorí ọwọ́ ènìyàn máa ń gbàgbé. Bí iná tí a ti rà bá sì le jù, ọ̀nà mẹ́ta ló wà tí kò ná ni ní kọ́bọ̀: kí á gbé e sókè, kí á dín agbára rẹ̀ kù bí ó bá ní bọ́tìnnì rẹ̀, tàbí kí á jẹ́ kí ojú oró bo ìdajì ojú omi bí ewé igi ṣe ń bo odò inú igbó.

Ẹni tó kọ igba ebè

Ìdí tí iná fi gbọ́dọ̀ ṣáájú nínú ọ̀rọ̀ yìí rọrùn. Ẹni tó kọ igba ebè láàárọ̀ kò lè jẹ ìwọ̀nba tí ẹni tó jókòó sábẹ́ igi jẹ. Iṣẹ́ oko ni iná ń bẹ ewéko. Bí iná bá ṣe le tó ni ewéko ṣe ń yára fẹ́ dàgbà, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa béèrè kábọ́ọ̀nù, náítírójìn, pọtáṣíọ̀mù àti irin. Bí ẹyọ kan péré bá tán nínú wọn, iṣẹ́ dúró, ewé àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, álígì tí kò nílò ju táṣẹ́rẹ́ lọ á sì gba iná tó kù lò. Nínú iná díẹ̀, ewéko kò kánjú. Ohun tó ń béèrè kéré débi pé ohun tí ẹja ń yà sínú omi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o. Bí olùtọ́jú bá gbàgbé ajílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí ohun tí yóò bàjẹ́.

Kábọ́ọ̀nù ni àìtó rẹ̀ máa ń le jù. Bí a bá sá ewéko gbẹ, nǹkan bí ìdá 40 sí 45 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó kù ló jẹ́ kábọ́ọ̀nù. Omi tí a kàn gbé kalẹ̀ sínú yàrá kì í ní ju bíi ìdajì mílígíráàmù gáàsì náà lọ nínú lítà kan, gáàsì yìí sì máa ń rìn nínú omi ní ìlọ́po 10,000 díẹ̀ sí bó ṣe ń rìn nínú afẹ́fẹ́. Àwọn tó ń lo sílíńdà máa ń gbé e dé nǹkan bí 30 mílígíráàmù, èyí tó jẹ́ pé bí ó bá kọjá ààlà díẹ̀, ẹja á máa mí gúlegúle lókè omi. Ẹni tó fẹ́ ìsinmi kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ eré yẹn. Ohun tó yẹ ẹ́ ni kó fi iná sí ìwọ̀n kábọ́ọ̀nù tó wà nílẹ̀.

Ewéko pàápàá ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ojú oró kò wo omi fún kábọ́ọ̀nù, afẹ́fẹ́ òkè ló ti ń mú un. Vallisneria, ewéko Warington, lè fa kábọ́ọ̀nù yọ láti ara báíkábọ́nétì tó wà nínú omi líle, ìyẹn omi tí ẹfun pọ̀ nínú rẹ̀. Omi ẹ̀rọ Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ irú omi bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ará ilé tó ń gbé ní Peckham fi lè rí Vallisneria rẹ̀ kó bo àpótí láìfi nǹkan kan sí i. Anubias kò mọ ọgbọ́n yẹn. Òun ń rọra dàgbà ni, ewé kan lẹ́yìn òmíràn.

Ẹ̀yà kan tún wà tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù olómi, tí wọ́n ń tà nínú ìgò. Ògùn apakòkòrò ni kẹ́míkà inú ọ̀pọ̀ rẹ̀, ó sì máa ń pa álígì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń yọ́ Vallisneria, bí ó bá sì pọ̀ jù ó lè pa ẹja. Kò sí ìdí tí àpótí aláìníwàhálà fi nílò rẹ̀.

Ta ló ń bọ́ ewéko?

Ní 1840, Justus von Liebig, onímọ̀ kẹ́místrì ará Jámánì, sọ òfin kan di mímọ̀ tí Carl Sprengel ti rí ṣáájú rẹ̀: ohun tó kéré jù nínú oúnjẹ ewéko ló ń pinnu bí yóò ṣe dàgbà tó. Wọ́n máa ń fi àgbá onípákó ṣàpèjúwe rẹ̀. Pákó tó kúrú jù ni omi yóò gbà jáde, bí àwọn tó kù tilẹ̀ ga dé òrùlé. Àgbẹ̀ tó ń ra NPK 15-15-15 mọ mẹ́ta nínú àwọn pákó náà: náítírójìn, fọ́sífọ́rọ̀sì, pọtáṣíọ̀mù. Kálísíọ̀mù, magnísíọ̀mù àti sọ́fọ̀ tẹ̀ lé wọn, lẹ́yìn náà ni irin, máńganíìsì, bórọ́nù, síńkì, bàbà àti àwọn mìíràn tí ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn tó.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bu ajílẹ̀ oko yẹn sínú àpótí ẹja. Yúríà àti amóníà tó wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀ lè pa gbogbo ẹja láàárín ọjọ́ kan, pàápàá nínú omi gbígbóná ilẹ̀ wa, nítorí amóníà máa ń lóró sí i bí omi bá gbóná.

Amóníà yìí kan náà ni ẹja fúnra rẹ̀ ń tú síta. Láti ojú ìjàgbọ̀n ẹja ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń jáde, kì í ṣe láti inú ìgbẹ́ rẹ̀. Ewéko inú omi sì fẹ́ràn rẹ̀ ju náítíréètì lọ, èyí tó túmọ̀ sí pé àpótí tí ewéko kún dẹ́múdẹ́mú ní ẹ̀rọ asẹ́ mìíràn yàtọ̀ sí èyí tí a fi owó rà. Ohun tó jẹ́ májèlé fún ẹja ni oúnjẹ ọ̀sán fún ewéko.

Orí kókó yìí ni Diana Walstad, onímọ̀ nípa kòkòrò àìfojúrí ní Amẹ́ríkà, gbé ìwé rẹ̀ *Ecology of the Planted Aquarium* kà ní 1999. Ó ní kí á tẹ́ ilẹ̀ ọlọ́ràá tí kò nípọn ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 2.5 sí ìsàlẹ̀, kí á fi òkúta wẹ́wẹ́ tàbí yanrìn bò ó, kí á gbin ewéko púpọ̀ lọ́jọ́ kan náà, kí á sì jẹ́ kí oúnjẹ ẹja máa di oúnjẹ ewéko. Bí ilẹ̀ ṣe ń jẹrà ní ìsàlẹ̀, ó ń tú kábọ́ọ̀nù sókè. Ó tún ní kí á fún iná ní ìsinmi ọ̀sán: wákàtí márùn-ún, ìsinmi mẹ́rin, kí ó tún tàn fún márùn-ún, kí kábọ́ọ̀nù tí ewéko ti jẹ tán láàárọ̀ lè padà kún. Wákàtí mẹ́wàá yẹn kò pa á lára nítorí ìsinmi tó wà láàárín àti ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀. Ẹni tí kò bá ní méjèèjì kò gbọ́dọ̀ kọ́ apá wákàtí nìkan lára rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ti ọwọ́ Paul Sears àti Kevin Conlin wá, láàárín àwọn ọdún 1990. Wọ́n ní kí á fún ewéko ní pọtáṣíọ̀mù, náítíréètì àti irin, ṣùgbọ́n kí á fi ebi fọ́sífọ́rọ̀sì pa omi, kí álígì má baà rí nǹkan jẹ. Ọ̀pọ̀ ló tẹ̀ lé wọn. Lẹ́yìn wọn ni Tom Barr ní Kalifóníà bu fọ́sífọ́rọ̀sì sínú àpótí tí ewéko rẹ̀ le dáadáa, tí álígì kò sì yọjú. Ìlànà tó wá gbé kalẹ̀, Estimative Index, yàtọ̀ pátápátá: kí á fún wọn ní gbogbo oúnjẹ ní àfikún, kí á má wọn nǹkan kan, kí á sì da ìdajì omi nù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí èyí tó ṣẹ́ kù má baà gbára jọ.

Ta ló jàre? Barr ti fi hàn pé oúnjẹ nìkan kì í fa álígì níbi tí ewéko bá ti ń ṣe dáadáa, ẹ̀kọ́ yẹn sì ṣeyebíye, nítorí ìbẹ̀rù ajílẹ̀ ti febi pa ọ̀pọ̀ ewéko. Ṣùgbọ́n àpótí oníná líle, onísílíńdà ni ó ṣe ìwọ̀n rẹ̀ fún. Da irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ sínú àpótí oníná díẹ̀, ewéko kò ní lè jẹ ẹ́ tán, ìdajì omi tí a ó máa pààrọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò sì jẹ́ ìsinmi fún ẹnikẹ́ni. Ìmọ̀ràn Sears àti Conlin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, nítorí ewéko tí kò rí fọ́sífọ́rọ̀sì kò lè dá ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ álígì. Fún ẹni tí kò lásìkò, Walstad ló sún mọ́ òótọ́ jù. Ibi tí ọ̀nà tirẹ̀ ti ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ ni pọtáṣíọ̀mù àti irin, èyí tí oúnjẹ ẹja kì í sábà fúnni tó, pàápàá bí ẹja kò bá pọ̀ tàbí bí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ bá ti di arúgbó. Ìgò ajílẹ̀ alápapọ̀ kan, tí a ń bu ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, á dí àyè yẹn. Kí á kàn wò ó pé náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ̀sì wà nínú rẹ̀ bí ẹja bá kéré. Bí ẹja bá pọ̀, èyí tí kò ní méjèèjì tó.

Kíka ewé

Ewéko máa ń ṣe bí òbí. Bí oúnjẹ bá tán, á gba ti ẹnu ewé àgbà fún ewé ọmọ. Náítírójìn, fọ́sífọ́rọ̀sì, pọtáṣíọ̀mù àti magnísíọ̀mù ṣeé gbé báyìí láti ibì kan síbòmíràn, nítorí náà ara ewé àgbà ni àìtó wọn ti ń hàn. Bí ewé àgbà bá pọ́n látòkè délẹ̀, náítírójìn ló dín. Bí ihò kéékèèké bíi ti abẹ́rẹ́ bá ń yọ lára rẹ̀, tí etí ihò náà sì pọ́n, pọtáṣíọ̀mù ni kí á kọ́kọ́ fura sí. Irin àti kálísíọ̀mù kò ṣeé gbé, nítorí náà ọmọ ni ìyà wọn ń jẹ: ewé tuntun tó funfun tí iṣan rẹ̀ sì wà ní àwọ̀ ewé, irin ló ń wá, ewé tuntun tó lọ́, tó ká kò, kálísíọ̀mù ni.

Ojú oró ni ìwé tó rọrùn jù láti kà nínú gbogbo wọn. Kábọ́ọ̀nù afẹ́fẹ́ ni ó ń jẹ, abẹ́ iná gan-an ló sì wà, nítorí náà bí ewé rẹ̀ bá pọ́n, kò lè jẹ́ ẹ̀bi iná tàbí ti kábọ́ọ̀nù. Oúnjẹ inú omi ló kù. Nígbà yẹn ni kí olùtọ́jú bu ajílẹ̀ díẹ̀, kó sì wo ewé tuntun tó bá yọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Bí ojú oró bá dúdú dáadáa ṣùgbọ́n tí ewéko ìsàlẹ̀ ń ṣàárẹ̀, iná tàbí kábọ́ọ̀nù ni kí á lọ yẹ̀ wò, kì í ṣe ìgò.

Kí olùbẹ̀rẹ̀ má sì ka ewé tó jábọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sí ebi. Afẹ́fẹ́ gbalasa ni ọ̀pọ̀ ọgbà ti ń gbin ewéko tí wọ́n ń tà, ewé tí wọ́n bá wá kì í pẹ́ jábọ́ nínú omi kí tuntun tó yọ. Cryptocoryne, ọmọ Éṣíà, lè yọ́ pátá bí a bá kàn gbé e kúrò níbi tó wà. Gbòǹgbò rẹ̀ wà láàyè nílẹ̀, yóò padà hù. Òun àti Vallisneria pẹ̀lú Echinodorus ti Brazil ń jẹun láti ilẹ̀ gan-an, nítorí náà bí kò bá sí ilẹ̀ ọlọ́ràá lábẹ́ yanrìn, ó yẹ kí á ri ajílẹ̀ oníhóró sí ẹsẹ̀ wọn ní bí oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Anubias, ní tirẹ̀, kò gbọ́dọ̀ rí ilẹ̀ bo ìdí rẹ̀ rárá, á jẹrà. Kí á fi òwú dè é mọ́ òkúta.

Iná ọba àti omi kànga-dẹ̀rọ

Lékòó tàbí n'Ìbàdàn, ìbéèrè mìíràn wà tí ìwé àwọn ará Òyìnbó kì í dá sí: bí wọ́n bá mú iná lọ ńkọ́? Àpótí oníná díẹ̀ ló lè fara da á jù. Iná LED wáàtì mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò jẹ́ nǹkan kan lára bátìrì ínfátà tàbí sólà. Bí ó bá sì ṣókùnkùn fún ọjọ́ kan tàbí méjì, Anubias kò ní mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Ẹja ni kí á bẹ̀rù fún, nítorí ewéko náà ń lo ọ́síjìn lóru, ẹ̀rọ asẹ́ sì ti dúró. Ìdí nìyẹn tí ẹja fi gbọ́dọ̀ kéré. Fèrèsé tí oòrùn kì í wọlé tààrà máa ń ran iná lọ́wọ́ lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n oòrùn tààrà á sọ omi di àwọ̀ ewé, á sì gbóná ju bó ṣe yẹ lọ.

Omi kànga-dẹ̀rọ ní ọ̀pọ̀ ibi lágbègbè Èkó máa ń ní ásíìdì díẹ̀, irin sì máa ń wà nínú rẹ̀ débi tó fi ń fi ìpẹtà sára báàfù. Síbẹ̀ ewéko lè wà nínú omi bẹ́ẹ̀ kí ebi irin pa á, nítorí irin tó ti dípẹtà kò ṣeé jẹ fún un. Irin tí wọ́n ti dè mọ́ nǹkan mìíràn kí ó má baà dípẹtà, bí irú èyí tó wà nínú ajílẹ̀ àpótí, ni yóò rí lò. Irú omi yìí kì í ní kálísíọ̀mù púpọ̀. Ìkarahun tí a fọ́ wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀rọ asẹ́ á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀, á sì pèsè rẹ̀ fún ewéko àti fún ìgbín. Iyọ̀ Epsom tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn ní magnísíọ̀mù.

Ní ti ẹja, kò sí ìdí láti wo òkèèrè. Pelvicachromis pulcher, ẹja alárà aláwọ̀ mèremère tí ikùn abo rẹ̀ máa ń pọ́n bí osùn, ọmọ gúúsù Nàìjíríà ni. Arnoldichthys, ẹja olójú pupa, ti inú odò Ògùn àti ìsàlẹ̀ odò Ọya wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àpótí tó tóbi ló yẹ ẹ́ nítorí agbo ló ń rìn. Àwọn ẹja wọ̀nyí àti Anubias ti mọ irú omi yìí kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan gíláàsì.

Kí á wá kó o jọ sínú àpótí kan tó gba 60 lítà. Ilẹ̀ ọlọ́ràá tí kò ní ajílẹ̀ oko nínú, sẹ̀ǹtímítà 2.5, yanrìn tó nípọn bẹ́ẹ̀ lórí rẹ̀. Vallisneria lẹ́yìn, Cryptocoryne láàárín, Anubias lórí òkúta, ojú oró lókè, kí ewéko ti bo púpọ̀ nínú ilẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Iná 600 sí 1,200 lúmẹ́ẹ̀nì, wákàtí mẹ́fà. Ẹja kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àfi ìgbín. Lẹ́yìn ìyẹn, takọtabo Pelvicachromis kan tó, oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, ìwọ̀n tí wọ́n lè jẹ tán lójú ẹsẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin omi ni kí á máa pààrọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kí á sì kọ́kọ́ pa kilorínì inú rẹ̀ bí ó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ ìjọba. Ajílẹ̀ olómi kò ní wọ̀ ọ́ títí ojú oró yóò fi béèrè.

Iṣẹ́ tó kù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kí á máa yọ ojú oró tó bá pọ̀ jù, nítorí á pọ̀ jù. Kí ẹnikẹ́ni má dà á sí gọ́tà. Ní 1984, ewéko olódòdó àlùkò kan tí ìpilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ Gúúsù Amẹ́ríkà gba ojú omi orílẹ̀-èdè Benin wọ Àgbádárìgì. Ìdọ̀tí tí a ń dà sínú ọ̀sà bọ́ ọ yó, ó sì bo ojú omi débi tí ọkọ̀ àwọn apẹja kò rí ọ̀nà gbà. Ojú oró tí a kó jáde láti inú àpótí kún fún náítírójìn àti pọtáṣíọ̀mù tó ti ara oúnjẹ ẹja wá. Bí a bá gbé e sí ìdí ata àti ẹ̀fọ́ tó wà nínú korobá lẹ́yìn ilé, yóò jẹrà láàárín ọjọ́ mélòó kan, ilẹ̀ á sì gbà á.